Ẹ̀rọ atanilólobó afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù nínú ọkọ̀ ojú omi: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà á kó sì fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń yan ẹ̀rọ tó ń ta ni lólobó pé afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ti ń gbára jọ nínú ọkọ̀ ojú omi, ojú ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa ń wò: iye iná tó ń tàn lára rẹ̀, bí aláàmù rẹ̀ ṣe ń ké tó, àti bóyá ó ní gíláàsì tó ń kọ nọ́ńbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ epo, tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ni ẹ̀rọ náà gan-an. Èyí tó wà níwájú ẹni tó ń tukọ̀ kàn ń jíṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ bá rán an ni. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú, tàbí tí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ síbi tí kò yẹ, burú ju kí ọkọ̀ má ní ọ̀kankan lọ, torí pé ńṣe ló ń fi ọkàn olówó rẹ̀ balẹ̀ lórí asán. Ìdí nìyí tí ìfiwéra yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tó sì gba ibẹ̀ gòkè wá.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣọ́

Bẹntiróòlù kì í dúró de oòrùn kó tó máa di afẹ́fẹ́. Kódà nínú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí −43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ti tó èyí tó lè gbiná, nítorí náà kò sí ojú ọjọ́ tí ènìyàn lè wà lórí omi tí ewu yìí kò ní sí. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju atẹ́gùn tí à ń mí símú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ńṣe ló máa ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, tí yóò gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti abẹ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá títí yóò fi dé ìdí ọkọ̀, ìyẹn ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ, níbi tí omi tó bá rin wọlé máa ń gbára jọ sí. Bí epo bá ń kán lábẹ́ mọ́tò, ilẹ̀ ni yóò kán sí, atẹ́gùn yóò sì gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ojú omi tí a dí pinpin kí omi má bàa wọlé náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo ráyè jáde.

Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ló ń gbiná. Bí afẹ́fẹ́ epo kò bá tó ìdá 1.4 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Bó bá ju ìdá 7.6 lọ, ó ti ki jù. Láàárín méjèèjì ni ewu wà, iná kékeré tó bá sì ta lára súìṣì tàbí lára mọ́tò tó ń ṣíná ẹ́ńjìnnì ti tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ bú gbàù. Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yẹn, ìdá 1.4, ni wọ́n ń pè ní LEL nínú ìwé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó dára gbọ́dọ̀ ti máa ké nígbà tí afẹ́fẹ́ epo bá dé ìdá 20 nínú 100 LEL, tàbí kó tiẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdá 0.28 péré nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rọ kan kò bá sọ ìwọ̀n tó ti máa ń ké, ẹ má ṣe ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo dísù nìkan kò nílò irú ẹ̀rọ yìí, torí pé dísù tí wọ́n ń lò nínú ẹ́ńjìnnì kì í fún ni ní afẹ́fẹ́ tó lè gbiná àfi tó bá gbóná kọjá nǹkan bí 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ oní-dísù bá ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sínú yàrá tó ní ìdérí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìta lẹ́yìn, tí táǹkì rẹ̀ sì ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Á dára kí owó yẹn lọ sórí róbà epo tuntun.

Oríṣi sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta

Èyí àkọ́kọ́ ni pellistor. Kóró kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń mú gbóná. A kun ọ̀kan nínú wọn lóògùn tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo jó lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èkejì kò ní oògùn yìí, òun sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n àyípadà ojú ọjọ́ kúrò. Bí afẹ́fẹ́ epo bá ti dé, kóró olóògùn á túbọ̀ gbóná, ẹ̀rọ yóò sì ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ epo ṣe ń pọ̀ sí i náà ni nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè lọ́gbọọgba, ọ̀rinrin kì í sì í dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kí olùrà mọ̀. Kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn. Bí afẹ́fẹ́ epo bá ki ju bó ti yẹ lọ, ó lè ka nọ́ńbà tó kéré, bẹ́ẹ̀ ewu ti dé ọrùn. Èyí tó burú jù ni pé sílíkóònù àti òjé máa ń pa á: oògùn ara kóró á kú, ẹ̀rọ á máa ka òdo, iná àwọ̀ ewé á sì máa tàn nìṣó bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Èyí kejì ni sẹ́ńsọ̀ semiconductor, irú èyí tí Naoyoshi Taguchi ní ilẹ̀ Japan fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1962. Awọ tín-ínrín kan tí a mú gbóná ló wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ epo bá kan awọ náà, iná mànàmáná á rọrùn láti gba ara rẹ̀ kọjá. Kò wọ́n, ó kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé imú rẹ̀ ti mú jù, kò sì mọ ìyàtọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ásítóònù, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, lọ́fíńdà, àní ọ̀rinrin lásán lè mú un ké. Bí ọkọ̀ bá sì ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìtan ẹ̀rọ náà, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣeé gbára lé. Ẹni tí aláàmù bá ti pè lásán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan kò ní pẹ́ yọ fíùsì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ náà di òfo.

Ẹ̀kẹta, infrared, kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò fi òórùn ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ló ń tàn gba inú ihò kékeré kan, afẹ́fẹ́ epo sì máa ń gbé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì. Sílíkóònù kò lè pa á, kò nílò ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ haidirójìn tó ń jáde láti ara bátìrì kì í sì í tàn án jẹ. Bí gíláàsì rẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí gílóòbù rẹ̀ jó, ó máa ń mọ̀ fúnra rẹ̀, á sì sọ. Ìṣòro rẹ̀ ni owó, àti ìkán omi tó ń dì mọ́ gíláàsì rẹ̀. Iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ ńláńlá ló yẹ. Fún ọkọ̀ tí ìdílé kan fi ń gbafẹ́, mi ò rò pé ó pọn dandan.

Bí ọkọ̀ yín bá máa ń sùn fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó tún lò ó, pellistor ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, tí owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́, semiconductor tó dára yóò ṣe é, bí ẹ bá ti gbà pé yóò máa ké nígbà tí ẹ bá ń kun ọ̀dà. Ohun kan tí mo kà sí pàtàkì ju oríṣi lọ ni pé kí sẹ́ńsọ̀ náà ṣeé rà lọ́tọ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tàbí ọjọ́ tí yóò dópin sì wà lára rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ kì í ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ gbọ́dọ̀ jù nù pátápátá nítorí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú mọ́.

Àmì tó yẹ kó wà lára rẹ̀

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilé ìdáná wá sínú ọkọ̀. A kò ṣe é fún iyọ̀ òkun, fún gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì, tàbí fún bátìrì folti 12 tàbí 24, kò sì sí ẹni tó ṣe ìdánilójú pé iná inú rẹ̀ kò ní ta síta. UL 1110 ni ìlànà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ irú èyí wò fún ọkọ̀ ojú omi. ABYC A-14, ìlànà àjọ ọkọ̀ ojú omi kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń sọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀. Fún ohunkóhun tó bá máa wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, títí kan sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá ISO 8846 tàbí SAE J1171, tó ń jẹ́rìí pé kò lè tan iná sí afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ẹ rántí pé ohun gbígbóná ló wà nínú pellistor. Àwọ̀n irin kékeré tó bo ẹnu rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí iná inú rẹ̀ jáde. Bí àwọ̀n yẹn bá ti ya tàbí tó ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àfikún tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀

Sẹ́ńsọ̀ kan tàbí méjì? Bí táǹkì epo bá wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan tó. Bí ògiri bá pààlà sáàárín wọn, méjì ni, torí pé afẹ́fẹ́ epo lè kún abẹ́ táǹkì fọ́fọ́ kí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbọ́.

Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń so ìṣọ́ bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ìṣọ́ kábọ̀n mọnọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì. Ojú ẹ̀rọ kan tó ń ka sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò burú. Àpótí kan ṣoṣo tó ní òun ń ṣọ́ méjèèjì kò dára rárá, torí pé kábọ̀n mọnọ́ksáìdì kò wúwo, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn yàrá, ibi tí ènìyàn ń sùn sí tó sì ń mí ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà. Ìdí ọkọ̀ ni ti bẹntiróòlù. Ibi tó bá bá ọ̀kan mu kò lè bá èkejì mu. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó sì lè gbiná láti ìdá 2.1 nínú 100. Bí ẹ bá ní sítóòfù onígáàsì, ẹ fún un ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ènìyàn ń mú lọ́wọ́ wúlò fún mẹkáníìkì tó ń wá ibi tí epo ti ń jò, torí pé ó lè tọ róbà láti orí dé ìdí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá rántí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Fún ìṣọ́, èyí tó wà lójú kan ló borí.

Ọ̀rọ̀ fáànù ló gba àròjinlẹ̀. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ fáànù fún ọkọ̀ bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú yàrá tí a pa dé, láti orí àwọn tí wọ́n kàn lẹ́yìn oṣù Keje ọdún 1980 wá, àkọlé ìkìlọ̀ ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ní kí fáànù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 kí wọ́n tó ṣíná. Àwọn ẹ̀rọ atanilólobó kan lè tan fáànù fúnra wọn. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ yóò ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ á ti jáde kó tó di púpọ̀. Ẹni tí kò gbà yóò béèrè ìdí tí a fi máa tan ohun tó ń lo iná mànàmáná lákòókò tí afẹ́fẹ́ epo wà nílẹ̀ gan-an. Èmi fara mọ́ ẹni kejì, àfi bí fáànù àti wáyà rẹ̀ bá ní àmì ISO 8846 tàbí SAE J1171, tí relay, ìyẹn súìṣì tí iná mànàmáná ń tẹ̀, tó ń tan án sì wà ní òde yàrá ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe fi iná fáànù gba inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ pé ó lè gbé e.

Àwọn mìíràn ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti ṣíná títí sẹ́ńsọ̀ yóò fi ní kò séwu. Èyí dára, bí ọ̀nà bá wà láti rékọjá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ níbi tí ìgbì ti ń gbé ọkọ̀ lọ sórí àpáta jẹ́ ewu lọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe rà á.

Fífi í sínú ọkọ̀

Ẹ ṣí gbogbo ìdérí sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ wọ inú ọkọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ orí bátìrì, ẹsẹ̀ òdì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa wà ló gba sùúrù jù. Ó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìdí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ inú ọkọ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó rí ìlà dúdú tí òróró àti omi ti fà síbẹ̀, èyí tó ń fi ibi tí omi máa ń ga dé hàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, imú rẹ̀ á gbé sókè, gbogbo omi ìdí rẹ̀ á sì rọ́ lọ sẹ́yìn, nítorí náà ìlà yìí máa ń ga lẹ́yìn ju iwájú lọ. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ìlà náà ni mo máa ń fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ wà, lára ògiri tó dúró ṣánṣán, kí ẹnu rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi má bàa dúró sí i. Ẹ má ṣe fi í síwájú ihò tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé, torí pé atẹ́gùn mímọ́ ni yóò máa gbọ́. Ẹ má sì fi í sítòsí páìpù èéfín tó ń gbóná. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìtú ẹ́ńjìnnì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wo ẹnu róbà fáànù: ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó wà, lókè omi. Bó bá ti já bọ́ tàbí tó ti wọ inú omi, fáànù kàn ń pariwo lásán ni.

Ojú ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tukọ̀, ní òde yàrá ẹ́ńjìnnì. Wáyà tí wọ́n fi tánńganran (tin) bò ni kí ẹ lò, kó má ṣe ní ìsopọ̀ kankan nínú ìdí ọkọ̀, kí ẹ sì dì í mọ́ ara ọkọ̀ ní gbogbo nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45. Kí wáyà tó wọ inú ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀ dípò tí yóò fi tọ wáyà wọlé. Fíùsì kékeré, ti ámípíà 1 tàbí 2 bí ìwé ẹ̀rọ bá ṣe wí, gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí iná ti wá.

Níbo ni ẹ ó ti mú iná? Bí ẹ bá mú un láti ara kọ́kọ́rọ́, bátìrì kò ní gbẹ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń jí pọ́ńpù epo ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, a jẹ́ pé pọ́ńpù ti ń ṣiṣẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ tó gbóná. Bí ẹ bá mú un tààrà láti ara bátìrì, yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ tọ̀sán-tòru, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń lo ámípíà 0.2 yóò jẹ ámípíà-wákàtí 4.8 lóòjọ́, ó sì lé ní 33 lọ́sẹ̀ kan. Èyí bójú mu níbi tí sólà tàbí ṣájà bá wà nìkan. Súìṣì lọ́tọ̀, tó wà fún ẹ̀rọ yìí nìkan, ni mo yàn. Òun ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù onísílíkóònù dí ihò skúrù kankan nítòsí sẹ́ńsọ̀. Gọ́ọ̀mù polyurethane ni kí ẹ lò, kí ó sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Dídán an wò

Agolo gáàsì ìdánwò tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ń tà ló dára jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ gba ẹnu láítà tí a kò ṣáná sí. Bí ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ sẹ́ńsọ̀ jáde síta gbangba, kí ẹ tẹ gáàsì láìyí òkúta láítà, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Aláàmù gbọ́dọ̀ ké. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ. Ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kígbe pé sẹ́ńsọ̀ òun ti sọnù. Èyí tí iná àwọ̀ ewé rẹ̀ kò yẹ̀ kò yẹ ní rírà. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò kejì yìí kí ẹ tó sanwó.

Bó bá ké nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti iná tó bá ń jó, ẹ má ṣe tan súìṣì mìíràn, fáànù pàápàá, kí gbogbo ènìyàn jáde sí gbangba tàbí sórí èbúté, kí ẹ sì ṣí ìdérí kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ má ṣe tètè ní irọ́ ló pa. Imú ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ ti mọ́ òórùn náà lára. Ẹni tó ń ti òde bọ̀ ni kí ẹ ní kó gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ń jò, tí ẹ sì tún un ṣe, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí epo olómi ti rin, kì í ṣe afẹ́fẹ́ epo nìkan, kò yẹ ní nínù kí a sì dá a padà. Ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí ara rẹ̀, kí ẹ sì tún ìdánwò méjèèjì ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.